Ògúntọ́lá Sàpárà

Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sàpárà (ọjọ́ 9 oṣù Òkúdù, ọdún 1861 – oṣù Òkúdù, ọdún 1935) jẹ́ dókítà ọmọ Yorùbá tí ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlú Èkó àti agbègbè rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí dókítà ní ilẹ̀ Bìrìtìkó tí wọ́n sì padà wá tọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ni ìjà tí ó bá àrùn ìgbóná jà, pàápàá bí ó ṣe wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà tàn ká.

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ará ìlú bi ní ìgbà ayé rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí wọ́n bi nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí àrùn ti wá, bí ó ṣe ń ràn, bóyá àjẹsára ń dáàbò bo ènìyàn tàbí òun gan-an ni ó ń fa àìsàn, àti ẹni tí ó ń jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Sàpárà wá ìdáhùn sí díẹ̀ nínú wọn láàárín àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ìyókù kò rí ìdáhùn kíkún títí ó fi kú.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ìlú Freetown ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró, ni wọ́n bí Sàpárà sí. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Alexander Johnson Williams. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé Sàró ìgbà náà, wọ́n padà sí ilẹ̀ baba wọn nígbà tí ó yá, wọ́n sì dé Èkó ní ọdún 1876.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Alexander Sapara Williams (1855–1915), ẹni tí ó di agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, tí ó sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba amúnisìn ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n fi Sàpárà kún Williams. Àbúrò ní tirẹ̀ pa orúkọ òyìnbó tì pátápátá, ó sì ń jẹ́ Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sàpárà. Àkókò náà jẹ́ àkókò tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí orúkọ, aṣọ àti èdè ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn

Kí Sàpárà tó di dókítà, ó kọ́ iṣẹ́ pípo òògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas. Ní ọdún 1895 ó gba ìwé-ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ dókítà ní Edinburgh àti Glasgow, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì.

Ìmọ̀ ìṣègùn wà ní oríta nígbà tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́. Louis Pasteur ní Faransé àti Robert Koch ní Jámánì ti fi hàn pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àrùn. Bakitéríà tí ó ń fa ikọ́ ife àti èyí tí ó ń fa kọ́lẹ́rà ti hàn lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí wọ́n wá kòkòrò wọn tì. Ìgbóná jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1892 àti 1898, Ivanovsky ọmọ Rọ́ṣíà àti Beijerinck ọmọ Họ́láńdì ṣe àkíyèsí lára ewé tábà tí ó ń ṣàìsàn pé ohun kan wà tí ó kéré ju bakitéríà lọ, tí ó ń gba inú asẹ́ kọjá, tí ó sì ń ran ewé mìíràn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Sàpárà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti bá ìgbóná jà láì tíì mọ irú ohun tí ń fà á.

Iṣẹ́ ìjọba ní Èkó

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1896, ìjọba amúnisìn gba Sàpárà sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba ní Èkó. Ó wà nínú iṣẹ́ náà títí di ọdún 1928.

Ipò dókítà aláwọ̀ dúdú kò rọrùn nínú iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1902 ni àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù pa gbogbo dókítà ìjọba ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣe é ní òfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, owó oṣù wọn kéré, ipò wọn sì wà lábẹ́ ti òyìnbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ti jáde. Abẹ́ ètò yìí ni Sàpárà lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba tí kò ka òun sí ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ̀ ni ó sì ní láti ṣojú fún nígbà tí ó bá wọ ilé àwọn ènìyàn láti sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ìtọ́jú ìjọba gbọ́.

Ìgbóná àti ìbéèrè àwọn ará ìlú

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ìgbóná. Ènìyàn nìkan ni ó ń mú, kò sí ẹranko tí ó ń bá a pa mọ́. Èémí àti itọ́ ẹni tí ó ní i ni ó máa ń gbà ràn jù lọ, nígbà tí ènìyàn bá súnmọ́ ọn. Ó tún lè ti ara aṣọ, ẹní tàbí èépá ara aláìsàn wá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó bá wọ ara ni ibà líle máa ń dé, lẹ́yìn náà ni ìléròrò yóò bo ojú, apá àti ẹsẹ̀. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ tí ó le, nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́ta ni ó ń kú. Ẹni tí ó bá yè kì í sábà ní i mọ́, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kì í kúrò lójú rẹ̀, ẹlòmíràn a sì fọ́jú.

Àwọn Yorùbá mọ àrùn náà dáadáa kí òyìnbó tó dé. Wọ́n gbà pé òrìṣà Ṣọ̀pọ̀ná ni ó ń fi í jà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n a máa pè é ní Olóde, Ọbalúayé tàbí Baba. Bí ó bá pa ènìyàn, àwọn àwòrò rẹ̀ ni ó máa ń gbé òkú náà lọ sin. Àwọn ni wọ́n tún máa ń kó ẹrù olóògbé. Ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún, ńṣe ni wọ́n ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba. Àwọn apá kan nínú àṣà yìí bá ọgbọ́n ìlera mu, nítorí pé ó mú kí òkú àti ẹrù tí àrùn wà lára rẹ̀ jìnnà sí ẹbí. Apá kejì ni pé ẹni tí ó ń tọ́jú àrùn náà ni ó tún ń jogún ẹni tí àrùn bá pa.

Ìjọba ní tirẹ̀ mú àjẹsára wá. Edward Jenner ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1796 pé bí a bá fi omi inú ìléròrò àrùn màlúù kan tí ó jọ ìgbóná sín ènìyàn lápá, ìgbóná kò ní mú un. Bíbupá ni àwọn Yorùbá ń pe iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè púpọ̀ sì dìde lórí rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní ni bóyá bíbupá kò yàtọ̀ sí fífi àrùn sí ènìyàn lára. Ìbéèrè náà ní ìdí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, àwọn àgbà ti ní ọ̀nà tiwọn láti ìgbà pípẹ́: wọ́n a mú nǹkan láti ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe gan-an, wọ́n a sì fi í sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹrú ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n ń pè ní Onesimus ni ó sọ ọ̀nà yìí fún olówó rẹ̀ ní Boston, wọ́n sì lò ó níbẹ̀ nígbà tí ìgbóná jà ní ọdún 1721. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún sábà máa ń ní àìsàn tí kò le, ara rẹ̀ a sì mọ àrùn náà. Ewu rẹ̀ ni pé ìgbóná gidi ni ó wà lára rẹ̀, ó sì lè ran ará ilé rẹ̀. Ti Jenner kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àrùn màlúù náà kò lè di ìgbóná. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, gbẹ́rẹ́ lápá kan náà ni méjèèjì.

Ìbéèrè kejì ni ìdí tí àwọn kan tí wọ́n ti bupá fún tún fi ní ìgbóná. Èyí pẹ̀lú ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ooru a máa ba omi àjẹsára jẹ́ kí ó tó dé ọ̀nà jíjìn, gbẹ́rẹ́ tí wọ́n bá sì fi èyí tí ó ti bàjẹ́ sín kò ní agbára kankan. Àwọn mìíràn ti kó àrùn náà kí wọ́n tó bupá fún wọn. Ẹni tí ó rí i pé aládùúgbò òun bupá ní oṣù yìí tí ó sì kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó ṣiyèméjì.

Ìwádìí ní Ẹ̀pẹ́

Ní ọdún 1897, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìjọba sì rán Sàpárà lọ síbẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé àrùn náà kì í fìgbà gbogbo tẹ̀lé ọ̀nà tí ìwé ìṣègùn là sílẹ̀. Ó fura pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó pinnu láti wọ inú awo náà fúnra rẹ̀, láì jẹ́ kí wọ́n mọ ète rẹ̀.

Ewu kékeré kọ́ ni ó fi ara rẹ̀ wé. Bí wọ́n bá tú u fó, ìyà ẹni tí ó da awo kò ní kéré. Nígbà tí ó jáde, ìròyìn tí ó fún ìjọba ni pé àwọn àwòrò kan máa ń ha èépá àti ọyún láti ara àwọn tí ìgbóná ń ṣe, wọn a pa á mọ́, wọn a sì fi í ran àwọn mìíràn, kí ìbẹ̀rù òrìṣà má bàa dínkù, kí ẹrù àwọn òkú sì lè máa wọlé. Ohun tí ó sọ bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, nítorí pé a ti mọ̀ báyìí pé fáírọ́ọ̀sì ìgbóná lè wà láàyè fún ìgbà pípẹ́ nínú èépá gbígbẹ.

Ó yẹ kí a ka ìròyìn náà pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ọ̀dọ̀ dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni àkọsílẹ̀ tí ó wà ti wá. Àwọn àwòrò kò kọ ìwé, ẹjọ́ tiwọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe jẹ́ irú gbẹ́rẹ́ àtijọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe láti dáàbò bo ènìyàn. Bákan náà, kò sí ìdí láti rò pé àwọn àwòrò ni ó fa gbogbo ìgbóná ilẹ̀ Yorùbá. Àrùn náà pa ènìyàn ní Yúróòpù, Íńdíà àti Amẹ́ríkà níbi tí Ṣọ̀pọ̀ná kò sí.

Òfin tí ó de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná

Ìròyìn Sàpárà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Ọdún 1907 ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn nípa ìgbóná dárúkọ fún òfin náà. Ó di ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́ àwòrò òrìṣà náà ní gbangba àti láti ní èròjà àrùn náà nípamọ́.

Òfin náà lé ìsìn náà wọ inú ìkọ̀kọ̀, kò pa á run. Ìgbóná pẹ̀lú kò lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn kò bupá fún, omi àjẹsára ṣì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn ìdílé sì ń fi aláìsàn wọn pamọ́ kí àwọn wolé-wolé má bàa rí i. Níbi tí ìdílé bá ti fi aláìsàn pamọ́, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ni àrùn náà ń kọ́kọ́ ràn.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ lẹ́yìn òfin náà

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ fi ibi tí agbára òfin náà mọ hàn. Ilẹ̀ Rẹ́mọ wà láàárín Èkó, Ìjẹ̀bú-Òde, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ṣàgámù ni ìlú rẹ̀ tí ó tóbi jù, àwọn ìlú mẹ́tàlá ni wọ́n sì parapọ̀ tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1872. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892 ni ọ̀nà ti là gbọọrọ láti etí ọ̀sà ní Ìkòròdú wọ àárín Rẹ́mọ lọ sí òkè. Àwọn oníṣòwò ń gbé obì, aṣọ àti iyọ̀ lọ bọ̀. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà ni àrùn ń gbà.

Ní oṣù Igbe ọdún 1920, ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn òfin náà, ìgbóná pa àgbẹ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ó tún máa ń la igi gẹdú. Orúkọ rẹ̀ ni David Ṣópólú Awólọ́wọ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tètè gba ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ní ìlú náà. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ rẹ̀, Ọbáfẹ́mi. Ikú bàbá yìí yí ìgbé ayé ọmọ náà padà. Ó di ẹni tí ń gbé lọ́dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tí ó sì ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láti rí owó ilé ìwé san. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954, ìjọba rẹ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá ní ọdún 1955, ó sì fún àwọn ọmọdé ní ìtọ́jú ìṣègùn ọ̀fẹ́.

Kò sí ẹ̀rí pé Sàpárà àti ìdílé Awólọ́wọ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n àrùn kan náà ni ó so ìtàn wọn pọ̀. Ọdún kẹtàlélógún lẹ́yìn ìwádìí Ẹ̀pẹ́ ni ìgbóná pa bàbá náà ní Ìkẹ́nnẹ́, láìka òfin sí.

Àjàkálẹ̀ lùkúlùkú ọdún 1918

Sàpárà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn tí ó jẹ́ tuntun pátápátá dé. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1918 ni àrùn tí àwọn Yorùbá pè ní lùkúlùkú ti inú ọkọ̀ ojú-omi wọ Èkó. Nígbà tí àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wá aláìsàn láti ilé dé ilé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà dání. Ọ̀nà rélùwéè àti ọ̀nà ọjà ni ó gbà dé inú ilẹ̀ Yorùbá àti òkè Ọya. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Àwọn ará ìlú bi àwọn dókítà ní ìbéèrè, àwọn dókítà kò sì ní ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà rò pé bakitéríà kan ni ó fà á, wọ́n sì ṣe àṣìṣe. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ mú lára ènìyàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí òògùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ kò ti ran ènìyàn lọ́wọ́, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kóra jọ láti máa fi àdúrà wo àìsàn. J. B. Ṣadárè àti ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlàmí, ni aṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ wọn wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà, èyí tí ó gbilẹ̀ ní Rẹ́mọ pẹ̀lú lẹ́yìn tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè ní ọdún 1930.

Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn

Sàpárà kò ka gbogbo ìṣègùn ìbílẹ̀ sí ohun ìkórìíra. Ó fi ọ̀pọ̀ àkókò kọ́ nípa ewé àti egbò, ó sì gbà pé ohun rere wà nínú ìmọ̀ àwọn àgbà tí ó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò. Èyí ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé òun náà ni ó tú àṣírí awo Ṣọ̀pọ̀ná. Lójú tirẹ̀, ohun tí ó ń wo aláìsàn sàn àti ohun tí ó ń pa á ni ó yẹ kí a fi ìwádìí yà sọ́tọ̀, láìka ibi tí ó ti wá sí.

A ka Sàpárà mọ́ àwọn tí wọ́n dá ilé òògùn Massey Street sílẹ̀ ní Èkó. Ilé òògùn náà di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé nígbà tí ó yá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè ìmọrírì iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń fi lẹ́tà ISO tọ́ka sí, dá a lọ́lá.

Ikú

Sàpárà fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928. Ó kú ní Èkó ní oṣù Òkúdù ọdún 1935, ní nǹkan bí ọdún 74 lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ìgbóná ṣì ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún tí ó kú.

Ohun tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè lórí àjẹsára tí ń bàjẹ́ dé lẹ́yìn ikú Sàpárà. Ní àwọn ọdún 1950, Leslie Collier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjẹsára gbígbẹ tí ooru kò tètè bàjẹ́. Ní ọdún 1967 ni àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá láti mú ìgbóná kúrò láyé. Nàìjíríà kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ní Ògòjà, ní ìparí ọdún 1966, àjẹsára kò tó fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà William Foege àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wá gbogbo ilé tí aláìsàn wà kàn, wọ́n sì fún àwọn tí ó yí wọn ká ní àjẹsára. Àrùn náà dúró. Ọ̀nà yìí ni wọ́n wá lò káàkiri ayé. Kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí àwọn ará ìlú bá sọ ibi tí aláìsàn wà láì fi í pamọ́.

Oṣù Èbìbí ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ní i kẹ́yìn láyé nípa ríràn lásán ni Ali Maow Maalin, ní Sòmálíà, ní ọdún 1977. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìgbóná ti kúrò láyé.

Ogójì ọdún lẹ́yìn ìkéde náà ni àrùn Kòrónà dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlè ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ hàn ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ kan tí ó ti Ítálì dé sí Èkó tí ó sì kọjá sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ti ka àkójọ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà tán. Iṣẹ́ tí ó gba ìran Sàpárà ní ọ̀pọ̀ ọdún láti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyára yìí kò pa ìbéèrè àwọn ènìyàn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, ààrẹ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, ọjà sì dákẹ́ ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù. Àwọn kan bèèrè bóyá àrùn náà wà lóòótọ́, nítorí pé wọn kò mọ ẹnikẹ́ni tí ó ní i. Àwọn mìíràn bèèrè bóyá àwọn aláṣẹ ń fi í kó owó jẹ. Nígbà tí àjẹsára àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, ó ku díẹ̀ kí iye rẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́rin, ìbéèrè àtijọ́ sì tún padà: ṣé àrùn ni wọ́n fẹ́ fi sí wa lára, kí ló dé tí ẹni tí ó gbà á tún fi ń ṣàìsàn? Sáyẹ́ǹsì ní ìdáhùn sí méjèèjì. Àjẹsára Kòrónà kò gbé fáírọ́ọ̀sì Kòrónà tí ó wà láàyè dání, agbára rẹ̀ tí ó tóbi jù sì ni láti dín àìsàn líle àti ikú kù, nígbà tí agbára rẹ̀ láti dí ríràn lọ́nà ń dínkù bí oṣù ti ń lọ àti bí fáírọ́ọ̀sì ti ń yí padà.

A ń rántí Sàpárà nínú ìtàn ìlera gbogboogbò ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí dókítà tí ó ka ohun tí àwọn ará ìlú gbàgbọ́ sí ohun tí ó yẹ láti ṣèwádìí, tí ó sì lọ sí ibi tí wọ́n wà láti ṣe é.